Kíláàsì Ọmọ-ẹ̀yìn Ọlọ́sẹ̀ Méjìlá ní Mọ̀pà: Ta Ni Yóò Bá Ọ San Án?

Ní Sátidé tó parí oṣù tó kọjá ni mo jáde nínú kíláàsì ọmọ-ẹ̀yìn tí ìjọ kan ń ṣe ní Mọ̀pà, mo sì ti ṣèlérí fún àwọn tó ń bi mí léèrè ní Ìsánlú pé n óò kọ bí mo ti bá a sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìkẹ́kọ̀ọ́ náà. ₦2,500 ni wọ́n gbà fún ìwé ìléwọ́.

Àyè ìjókòó wọn dára, olùkọ́ wa tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Tíṣà kì í sì í pẹ́ dé. Ìwé ìléwọ́ náà ni kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí wọn kò fi àmì kankan sí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ìbáà ṣe ti ohùn tàbí ti abẹ́ lẹ́tà, tó fi jẹ́ pé ní ojú ewé kan a kò tètè mọ̀ bóyá oko ni wọ́n ní kí ènìyàn múra tán láti fi sílẹ̀ nítorí Krístì tàbí ọkọ. Létí obìnrin tó wà nílé ọkọ, ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe kékeré.

Ohun tó mú kí n yin kíláàsì yìí ni pé wọn kò fi ohun tí jíjẹ́ ọmọ-ẹ̀yìn Krístì yóò náni pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni Bàbá Tíṣà ka Lúùkù orí 14, níbi tí Jésù ti sọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀, ó sì ní kí ẹni tí kò bá fẹ́ ṣírò máa lọ sílé ní àlàáfíà. Ẹni mẹ́ta kò padà wá. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, nítorí wọ́n gbọ́ ohun tí a wí, wọn kò sì díbọ́n.

Lẹ́yìn náà ló sọ ìtàn tó yẹ kí gbogbo ọmọ Òkun, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, mọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1893 ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta, Walter Gowans, Thomas Kent àti Rowland Bingham, gúnlẹ̀ sí Èkó, tí wọ́n ń fẹ́ mú ìhìn rere lọ sí Òkè Ọya. Bingham dúró ní Èkó, àwọn méjì yòókù wọ inú ilẹ̀ lọ, kí ọdún 1894 sì tó parí, àwọn méjèèjì ti kú. Bingham tún padà wá ní ọdún 1900, ibà tún lé e lọ. Ìgbìyànjú kẹta ló fìdí múlẹ̀ ní Pátígì, iṣẹ́ náà sì tàn dé ilẹ̀ Yàgbà, tí míṣọ́nnárì Tommy Titcombe fi dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ọdún 1908.

Bàbá Tíṣà sọ ọ́ débi pé omi lé sí ojú wa. Síbẹ̀, ibi tó yára kọjá nínú rẹ̀ ni èmi kò lè kúrò: pé Bingham ló kó ìwọ̀nba ẹrù tó kù lẹ́yìn Gowans lọ fún ìyá rẹ̀ ní Toronto. Ìyá náà kò kábàámọ̀. Ó ní ó sàn kí ọmọ òun kú síbẹ̀ ju kí ó jókòó sílé nínú àìgbọràn lọ. Ṣùgbọ́n ìyá yẹn ti mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ ń lọ kí ó tó lọ, ó sì ti gbà á tàdúràtàdúrà. Ta ló bi àwọn ará ilé tèmi léèrè?

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọ́n ní kí oníkálùkù kọ ohun tí yóò fi sílẹ̀ sínú ìwé. Gàrí àti ẹ̀wà ni mo ń tà. Múdù tí mo ń lò, ọwọ́ ìyá ọkọ mi ni mo ti gbà á, wọ́n sì ti lu ìdí rẹ̀ wọnú, kí ọjà tó ń gbà lè dín kù, kí n tó wọ ilé náà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì ra múdù tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú. Láti ọjọ́ náà, èrè mi lórí àpò kọ̀ọ̀kan ti dín kù, n kò sì lè fi owó lé ọjà mi nígbà tí àwọn tó jókòó tì mí kò fi kún tiwọn. Ìyá ọkọ mi gbà pé olè ni mo pe òun lójú ọjà, kò sì dáhùn ìkíni mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí àkókò àtisan owó ilé-ìwé dé, owó ọwọ́ mi kò pé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó sì bi mí pé, “Màmá, ṣé èmi náà wà nínú kíláàsì yẹn ni?”

N kò ní padà sí múdù àtijọ́. Mo gbàgbọ́ pé Olúwa ló bá mi sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá lè lọ pé kí ó lọ. Ṣùgbọ́n àbùkù ńlá ni pé, nínú ọ̀sẹ̀ méjìlá, ẹnikẹ́ni kò ní kí a kọ orúkọ àwọn tí yóò bá wa san gbèsè tí wọn kò jẹ sílẹ̀. Mo sọ ọ́ fún Bàbá Tíṣà lọ́jọ́ tí a parí. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, “Aya wa, a kò rò ó dé ibẹ̀ rí,” ó sì ṣèlérí pé wọn yóò máa pe àwọn ará ilé wa sí ìpàdé ọ̀sẹ̀ kẹrin.

Ẹni tó bá ń ti Ìsánlú lọ, kí ó bá wọn sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ kí aago márùn-ún tó lù, nítorí ojú ọ̀nà wa kò ṣe é rìn bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Mo ti gba fọ́ọ̀mù kan fún baálé mi. Ó wà lórí tábìlì. Kò tíì kọ nǹkan kan sí i, kò sì tíì gbé e kúrò níbẹ̀.