Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni ìwé tó dára wà

Níbi àpéjọ àwọn olólùfẹ́ kọ́míìkì, ìyẹn ìwé ìtàn tí wọ́n fi àwòrán sọ, tábìlì àwọn ayàwòrán tó ń tẹ ìwé ara wọn ni mo pẹ́ sí jù. Èyí tí mo rà jẹ́ ojú ewé 16: bébà A4 mẹ́rin tí wọ́n ṣẹ́ po sí méjì, tí wọ́n fi wáyà gán láàárín. Nínú ìtàn náà, ìyá àgbà kan ló ń tún rédíò olóògbé ọkọ rẹ̀ ṣe. Ojú ewé mẹ́ta gbáko kò ní ọ̀rọ̀ kankan, ọwọ́ ìyá náà nìkan là ń rí. Omi bọ́ lójú mi. Lẹ́tà inú ìwé náà kéré jù, lóòótọ́. Ẹni tó yà á gan-an ló tà á fún mi! Bí ẹ bá lọ, ẹ kọ́kọ́ gba ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, níbi tí tábìlì wọn wà, kí owó tó tán lọ́wọ́ yín.