VAERS ti Amẹ́ríkà: a yẹ̀ ẹ́ wò lórí àrùn iṣan tó ń tẹ̀lé abẹ́rẹ́ àjẹsára

Ní 1976, àwọn tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fúlúù ẹlẹ́dẹ̀ ní Amẹ́ríkà tó mílíọ̀nù 45. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, ìjọba dá a dúró nítorí Guillain-Barré. Nínú àrùn yìí, àwọn ọmọ ogun inú ara á kọjú ìjà sí iṣan tó ń gbé agbára àti ìmọ̀lára lọ sí ẹsẹ̀ àti ọwọ́. Ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ rọ, rírọ náà á máa gun òkè, nígbà mìíràn títí aláìsàn ò fi ní lè dá mí mọ́. Iye tí abẹ́rẹ́ náà fi kún àwọn tó máa ń ní in tẹ́lẹ̀ kò ju bíi ẹnì kan nínú 100,000 lọ. Irú ọ̀ràn tó ṣọ̀wọ́n báyìí ló yẹ kí VAERS máa tètè rí, òun la sì fi díwọ̀n rẹ̀ níbí.

VAERS ni ètò tó ń gba ìròyìn àìsàn tó bá tẹ̀lé abẹ́rẹ́ àjẹsára. CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dènà àrùn, àti FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn àti abẹ́rẹ́ níbẹ̀, ló jọ ń darí rẹ̀ láti 1990. Ohun tó wù wá jù ni pé kò yan ẹnikẹ́ni: aláìsàn, òbí, nọ́ọ̀sì, dókítà, gbogbo wọn ló lè ròyìn, wọn ò sì ní kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn pé abẹ́rẹ́ ló fà á. Irọ́ nìkan ni wọn ò gbà. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ níbẹ̀ ti rú òfin ìjọba àpapọ̀.

Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń fa wàhálà. Kò ṣeé kọ dé ìdajì kí a tọ́jú rẹ̀ di ọ̀la. Bí 20 ìṣẹ́jú bá kọjá tí ẹ ò fọwọ́ kan nǹkan kan, gbogbo ohun tí ẹ ti kọ á pa rẹ́. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn tí kò lè dìde kò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. PDF la fara mọ́: ẹ gbà á sílẹ̀, ẹ fi sùúrù kọ ọ́, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ lójú òpó kan náà. Ẹ gbé káàdì àjẹsára sítòsí, torí àpótí 17 á bèèrè orúkọ abẹ́rẹ́, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, nọ́ńbà lot, ibi tí wọ́n gún un sí lára àti ìgbà kelòó tó gbà á. Lot ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò. Láìsí i, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá àwọn ìgò tí wọ́n jọ ṣe pọ̀ ló ní àbùkù.

Ní ti àrùn iṣan, àpótí 5, 18 àti 19 ni iṣẹ́ wà. Àpótí 5 ń bèèrè ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n gbé aláìsàn dé ọsibítù o! Ọjọ́ tí àtẹ́lẹsẹ̀ kọ́kọ́ kú tàbí tí orúnkún kọ́kọ́ yẹ̀ ni kí ẹ kọ. Ọjọ́ 42 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni wọ́n sábà ń fojú sí fún Guillain-Barré, àṣìṣe ọ̀sẹ̀ kan sì lè ti ọ̀ràn síta. Ní àpótí 18, "ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ" kò tó. Ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì ni? Nígbà tí dókítà fi òòlù kékeré lu orúnkún, ṣé ẹsẹ̀ ta? Báwo ló ṣe pẹ́ tó kí rírọ náà tó le dé òpin? Ìlànà Brighton Collaboration, tí àwọn onímọ̀ fi ń pinnu bó ṣe dájú tó pé àrùn náà ni lóòótọ́, ní kó wà láàárín wákàtí 12 sí ọjọ́ 28. Àyẹ̀wò ló wà fún àpótí 19: omi tí wọ́n fà ní ọ̀pá ẹ̀yìn, tí purotéènì rẹ̀ á pọ̀ tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò sì ní tó 50 nínú máíkírólítà kan, àti àyẹ̀wò tí wọ́n fi iná díẹ̀ ṣe láti mọ bí iṣan ṣe ń jẹ́ ìpè. Bí èsì méjèèjì bá wà tí wọ́n sì bá àmì àìsàn mu, ó wọ ipele 1, èyí tó dájú jù nínú ìlànà náà. Bí kò bá sí ìkankan, kò lè kọjá ipele 3. Ẹni tó bá kọ "GBS" (ìkékúrú orúkọ Guillain-Barré) lásán ti dá iṣẹ́ wíwá ìwé ọsibítù kiri sí àwọn òṣìṣẹ́ VAERS lọ́rùn.

Àléébù tó tóbi jù ni pé àwọn tó ṣàìsàn tí a sì ròyìn wọn nìkan ni VAERS ń kà. Kì í ka àwọn tó gba abẹ́rẹ́ tí ohunkóhun ò ṣe. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá kó nọ́ńbà VAERS jáde tó ní "iye tí abẹ́rẹ́ pa lára nìyí." Guillain-Barré ń mú bíi ẹnì 1 sí 2 nínú 100,000 lọ́dún, yálà wọ́n gba abẹ́rẹ́ tàbí wọn ò gbà á.

Síbẹ̀, ó mọ igbe ké. Ní oṣù Keje 2021, ìròyìn bíi 100 ti wọlé lórí abẹ́rẹ́ kòrónà Janssen, lẹ́yìn bíi mílíọ̀nù 12.5 abẹ́rẹ́. Ẹ ṣírò rẹ̀: nínú iye ènìyàn bẹ́ẹ̀, bíi 14 sí 29 ni ì bá ní àrùn náà láàárín ọjọ́ 42 bí kò tilẹ̀ sí abẹ́rẹ́ rárá. 100 jìnnà sí i, FDA sì fi ìkìlọ̀ sí i. Vaccine Safety Datalink, tó ń wo ìwé ìtọ́jú ẹni tó ṣàìsàn àti ti ẹni tí ara rẹ̀ le, ló wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní ọjọ́ 21 àkọ́kọ́, bí a bá fi ọdún kan ṣírò rẹ̀ fún 100,000 ènìyàn, 32.4 ló jẹ́ lẹ́yìn Janssen, 1.3 lẹ́yìn àwọn abẹ́rẹ́ kòrónà mRNA (ti Pfizer àti Moderna).

Tí ẹ bá ti fi ránṣẹ́, wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà. Ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ fi bá wọn sọ̀rọ̀ bí èsì àyẹ̀wò tuntun bá jáde. Ẹ má sì rò pé ẹ ti béèrè owó gbà-má-bínú níbẹ̀: ọ̀tọ̀ ni fọ́ọ̀mù ìyẹn. Fún abẹ́rẹ́ fúlúù, ọdún 3 lẹ́yìn àmì àìsàn àkọ́kọ́ ni gbèdéke rẹ̀. Fún ti kòrónà, ọdún 1 péré ni, láti ọjọ́ tí ẹ gba abẹ́rẹ́.