Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Tó Ń Ra Ráífù Ọdẹ Tó Fúyẹ́: Ẹ Béèrè Ibi Tí Wọ́n Ti Gé Ìwúwo Rẹ̀ Kúrò

Ẹ̀yin ọdẹ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ tí ẹ ń wá ráífù bolt-action àkọ́kọ́ yín (èyí tí a ń fi ọwọ́ fa bóòtù, irin tó ń ti ọta wọlé tó sì ń há a mọ́ inú ìbọn), ẹ dákun, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Olùtajà kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń polówó ráífù "tuntun láti ilé iṣẹ́, kílò méjì ààbọ̀ péré, kò ní rẹ̀ yín bí ẹ bá gbé e gun òkè". Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí orúkọ tó ń lò ń yí padà, òun nìkan kọ́ ló sì ń ṣe irú òwò yìí. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ra ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn gan-an, ó ń gbé e sọ́kè sọ́dọ̀, ó ń yìn ín pé fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí ni òun ti ń wá tipẹ́. Ó fẹ́ gbé e wọ igbó lọ́jọ́ kejì. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ìbọn tó mọ iṣẹ́. Bí ìyẹn ṣe tú irin rẹ̀ kúrò lára igi, ó ní: "Ẹ má yìn ín o. Ẹ má tilẹ̀ fi ọta sí i."

Ìbọn ogun àtijọ́ ni. Mauser 98 ni, èyí tí àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1898, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì fi ja ogun lẹ́yìn náà. Kí n má parọ́ mọ́ ọn, Mauser 98 kì í ṣe ìbọn burúkú. Lára rẹ̀ ni púpọ̀ nínú ráífù ọdẹ òde òní ti jáde, àwọn alágbẹ̀dẹ tó mọ iṣẹ́ sì ti ń sọ ọ́ di ìbọn ọdẹ tó gbayì láti ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ìbọn ogun yẹn máa ń wúwo tó kílò 4. Kó tó lè di kílò méjì ààbọ̀, ẹnì kan ní láti gé irin kúrò lára rẹ̀. Ibi tó ti gé e gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ gbọ́ ohun tí a rí. Wọ́n ti gé ọ̀pá ìbọn náà kúrú, ẹnu rẹ̀ kò sì tẹ́jú: bí ẹ bá fi ìka kàn án, ẹ ó mọ̀ pé apá kan yọ ju ìkejì lọ. Bí ẹnu ìbọn bá rí bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ẹ̀tù yóò ti apá kan jáde ṣáájú, yóò sì ti ọta náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyẹn ṣì kéré, nítorí ẹran ni ẹ kàn máa tàsé. Èyí tó bà wá lẹ́rù ni receiver, irin tí bóòtù ń wọ inú rẹ̀, tó ń gba gbogbo agbára ìbọn lára nígbà tí a bá yìn ín. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ ha ògiri rẹ̀ títí ó fi tín-ín-rín. Wọ́n lu ihò ìdè skóòpù, awò tí a fi ń wo ẹran lókèèrè, sí i lókè, ọ̀kan nínú ihò náà sì lu já sí ibi tí etí bóòtù ń há sí. Ọwọ́ bóòtù, tó máa ń nà gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lára ìbọn ogun àkọ́kọ́, ni wọ́n fi iná tẹ̀ wálẹ̀ kó má baà kan skóòpù, iná náà sì ti ràn dé ara bóòtù: a rí àwọ̀ búlúù àti àwọ̀ koríko gbígbẹ lórí irin náà. Irin tó ti gba irú iná bẹ́ẹ̀ lè ti rọ̀ níbi tó yẹ kó le. Nọ́ńbà ara bóòtù kò bá ti receiver mu. Ọ̀dà dúdú tí kò dán ni wọ́n fi kun gbogbo rẹ̀, abẹ́ ọ̀dà náà ni ihò kéékèèké tí ìdógùn-ún ti jẹ wà.

Lẹ́yìn náà ni alágbẹ̀dẹ mú irin ìwọ̀n headspace jáde. Headspace ni àyè tó wà láàárín ojú bóòtù àti ibi tí kátíríìjì (ọta pẹ̀lú idẹ àti ẹ̀tù rẹ̀) ti ń jókòó nínú ìbọn. Ìwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní Go, bóòtù gbọ́dọ̀ tì lé e lórí. Èkejì ni No-Go, bóòtù kò gbọ́dọ̀ tì lé e lórí. Ti ọ̀rẹ́ mi tì lé No-Go láìsí wàhálà kankan. Bí àyè náà bá pọ̀ jù, ara idẹ kátíríìjì á nà, ó lè ya, iná àti afẹ́fẹ́ rẹ̀ á sì padà sẹ́yìn sí ojú ẹni tó gbé ìbọn sí èjìká. Ojú ọ̀rẹ́ mi ni mo ń rò ní gbogbo ìgbà tí alágbẹ̀dẹ yẹn ń sọ̀rọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé irin àtijọ́ ló dára jù, pé ohunkóhun tí ológun bá ti lò kò lè bàjẹ́. Ẹ wo Springfield 1903 ti Amẹ́ríkà. Àwọn tí nọ́ńbà wọn kò tó 800,000 láti ilé iṣẹ́ ìbọn ìjọba ní Springfield Armory, àti àwọn tí nọ́ńbà wọn kò tó 285,507 láti ilé iṣẹ́ kejì ní Rock Island, ni àwọn tó mọ̀ nípa ìbọn ń kìlọ̀ pé kí a má yìn. Nígbà tí wọ́n ń ṣe wọ́n, ojú lásán ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń wo àwọ̀ irin gbígbóná láti mọ̀ bóyá iná rẹ̀ ti tó. Bí oòrùn bá mú gan-an, irin tó ti gbóná kọjá ààlà á dà bí èyí tó ṣì yẹ. Nítorí náà ni receiver mìíràn nínú wọn fi le bí àwo, tó sì lè fọ́ lójijì. Irú àwọn ìbọn bẹ́ẹ̀ ṣì ń bẹ níta, nínú igi tuntun, pẹ̀lú ọ̀dà tuntun.

Ìfúyẹ́ tòótọ́ wà o. Tikka T3x Lite láti Finland kò tó kílò 3. Kimber Mountain Ascent tó kéré jù wà ní nǹkan bíi kílò 2.2. Ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ló pète ìfúyẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀: ọ̀pá tín-ín-rín, receiver tó bá kátíríìjì rẹ̀ mu bíi ti Kimber, ìdí ìbọn tí wọ́n fi ike tó le tàbí okùn kábọ̀ọ̀nù ṣe. Ibi tí agbára kò pọ̀ sí ni wọ́n ti ń yọ ìwúwo. Gbájúẹ̀ kò ní irinṣẹ́ yẹn, ibi tí fáìlì ìha-irin rẹ̀ bá ti lè wọlé ló ń gé. Ẹ sì béèrè bóyá ìwúwo tó pè jẹ́ ti ìbọn nìkan, nítorí skóòpù, ìdè rẹ̀, ọta àti okùn ìgbékọ́ yóò fi ohun tó pọ̀ kún un. Ìbọn tó fúyẹ́ jù pẹ̀lú kátíríìjì alágbára ńlá á máa gbá yín léjìká, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ojú kí ẹ tó fa tírígà. Fún ọ̀pọ̀ ọdẹ, kátíríìjì .308 Winchester tàbí 7mm-08 ti tó nínú ìbọn fúyẹ́.

Ìdí ìbọn oníke tó rọ̀ jẹ́ ẹ̀tàn mìíràn. Ẹ mú bébà pẹlẹbẹ kan, ẹ fi sáàárín ọ̀pá ìbọn àti ike rẹ̀ láti iwájú, ẹ fà á bọ̀ sẹ́yìn. Bí ilé iṣẹ́ bá sọ pé ọ̀pá náà dá dúró, bébà gbọ́dọ̀ kọjá láì há. Ẹ wá fi ọwọ́ fún iwájú ike náà díẹ̀, bí ẹ ó ṣe dì í mú nínú igbó. Bó bá há nígbà náà, ike náà ń kan ọ̀pá, ọta yín kò sì ní máa lọ sí ojú kan náà.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ ńlá pẹ̀lú. Winchester Model 70 jáde ní 1936, ẹ̀yà Featherweight tó fúyẹ́ sì jáde ní 1952. Ní 1964 ni ilé iṣẹ́ náà yí i padà kí owó ṣíṣe rẹ̀ lè dínkù, láti ìgbà yẹn sì ni àwọn olùrà ti ń wá èyí tó ṣáájú 1964. Olùtajà burúkú á fi èyí tó tẹ̀ lé e pe èyí tó ṣáájú. Ẹ wo bóòtù: ti àtijọ́ ní èékánná irin gígùn kan tó na ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bóòtù, tó ń di ìdí kátíríìjì mú. Àwọn ti 1964 kò ní in, nọ́ńbà wọn sì bẹ̀rẹ̀ láti 700,000. Bí ẹ bá sì ń wo Remington 700 tàbí Model Seven àlòkù, ẹ béèrè ọdún rẹ̀ àti irú tírígà rẹ̀. Ní April 2014, Remington ní kí wọ́n dá àwọn tó ní tírígà X-Mark Pro padà fún àtúnṣe, èyí tí wọ́n ṣe láti ọjọ́ 1 May 2006 sí ọjọ́ 9 April 2014, nítorí ó lè yìn láì jẹ́ pé a fà á. Ẹni tó ń tà á fún yín lè má sọ ọ́.

Ìdánwò kan wà tí kò gba owó, ó sì yẹ fún gbogbo ráífù àlòkù. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pé kò sí ọta nínú rẹ̀ rárá, ẹ kọjú ẹnu rẹ̀ sí ibi tí kò léwu. Ẹ fa bóòtù, ẹ tì í padà, ẹ fi sééfitì, ìdè tí kì í jẹ́ kí ìbọn yìn, sí i. Ẹ fa tírígà dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wá tú sééfitì láì fọwọ́ kan tírígà mọ́. Bí ẹ bá gbọ́ "kẹ́", ẹ dá ìbọn náà padà.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí kò ní ìbọn kankan láti tà. Fọ́tò tí wọ́n jí lára ìpolówó ẹlòmíràn ni ọjà wọn, owó pọ́ọ́kú sì ni ìjẹ tó wà lẹ́nu ìwọ̀. Ẹ ní kí olùtajà kọ orúkọ yín àti déètì òní sórí bébà, kó gbé e ti receiver níbi tí nọ́ńbà wà, kó sì ya fọ́tò rẹ̀. Ẹni tó ní ìbọn lọ́wọ́ á ṣe é kíákíá. Oníjìbìtì á ní kámẹ́rà òun bàjẹ́, tàbí pé ẹlòmíràn ti fẹ́ sanwó. Ẹ gbé fọ́tò rẹ̀ sínú Google Lens, tó ń fi fọ́tò wá irú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè rí ibi tó ti wá. Káàdì ẹ̀bùn tàbí bitcoin ló máa ń fẹ́ gba owó fi ṣe. Bí ẹ bá san án, á ní ó ku owó adójútòfò, lẹ́yìn ìyẹn owó kọ́sítọ́ọ̀mù, gbogbo rẹ̀ ni yóò ní òun á dá padà. Kò sí èyí tó ń bọ̀.

Àmì tó dájú jù lójú tèmi ni ìwé àṣẹ. Olùtajà tòótọ́ ló máa ń kọ́kọ́ béèrè tiyín. Ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà òfin ìbọn ti 1968, ìbọn tí a rà láti ìpínlẹ̀ mìíràn ní láti gba ọwọ́ oníṣòwò tó ní láísẹ́ǹsì kọjá kó tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Ẹni tó bá sọ pé òun á fi ìbọn ránṣẹ́ tààrà sí ẹnu ọ̀nà yín láì béèrè nǹkan kan, yálà kò ní ìbọn, tàbí ìbọn tó ní kò mọ́. Ibi tí wọ́n bá sì ti ha nọ́ńbà kúrò, ẹ má fọwọ́ kàn án, nítorí ọwọ́ ẹni tí ọlọ́pàá bá bá a ni ẹjọ́ máa wà.

Ẹ tún wo òǹtẹ̀ ìdánwò tó wà lára irin ìbọn. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú C.I.P., àjọ àgbáyé tó ń ṣètò ìdánwò ìbọn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Liège ní 1914, wọ́n máa ń fi ọta tó lágbára ju ti ìlò lọ dán ìbọn wò kí wọ́n tó tẹ òǹtẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ yẹn jẹ́rìí sí ìbọn bó ṣe rí lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá ti ha receiver tàbí pààrọ̀ ọ̀pá rẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ìwé ìdánwò tuntun.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra irú èyí tí mo sọ yìí, ẹ má gbé e wọ igbó, ẹ má sì tà á fún ẹlòmíràn. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ara rẹ̀, ẹ pa ìjíròrò yín àti ẹ̀rí owó mọ́, ẹ sọ fún báńkì lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ fi tó ọlọ́pàá létí. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ ìbọn tó ní irin ìwọ̀n, kó sì kọ ohun tó bá rí sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn ni ọ̀rẹ́ mi fi ń bá wọn ṣe ẹjọ́ báyìí.