PubMed: ibi tí mo máa ń yà kí n tó dá oníbàárà lóhùn

Ṣọ́ọ̀bù oògùn ni mo ní, n'Íbàdàn. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnìkan kì í gbé fóònù síwájú mi pé, "Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp." Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ á ní àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ṣàwárí, kò ní dárúkọ wọn, kò ní sọ ọdún. PubMed, ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn ti lè wá ìwádìí ìṣègùn, ni mo fi ń yẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò, ó sì wù mí kí ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n lò.

Ilé ìkàwé ìṣègùn ti ìjọba Amẹ́ríkà, ní Bethesda, ló ni ín. Láti 1997 ni wọ́n ti ṣí i sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo èèyàn. Kò ní béèrè káàdì báǹkì lọ́wọ́ yín, kò sì sí ìpolówó oògùn lórí rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìwádìí tó wà níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 35.

Ẹ jẹ́ ká mú ewúro. Ìyá kan tó jẹ́ oníbàárà mi, èlùbọ́ ni wọ́n ń tà, fẹ́ pa metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà wọn, tì. Ẹnìkan ti sọ fún wọn pé omi ewúro nìkan ti tó fún ìtọ̀ ṣúgà. Mo ní, "Màmá, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó." Mo tẹ Vernonia amygdalina, orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pe ewúro, mo fi diabetes tì í. Ìwádìí tú jáde, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti àwọn fásitì ilẹ̀ wa. Àmọ́ bí a ṣe ń ka àkótán wọn, eku ni wọ́n fún ní ewúro nínú èyí tó pọ̀ jù. Mo wá tẹ "Randomized Controlled Trial", ìyẹn ìwádìí tí wọ́n ti fi gègé pín àwọn èèyàn, kí apá kan lo oògùn, kí wọ́n sì fi wé apá kejì. Ohun tó ṣẹ́kù kò tó nǹkan. Màmá ní kí n fi ibi tí wọ́n kọ "rats" sí han àwọn gan-an. Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n ní àwọn á máa fi ewúro sebẹ̀, àwọn á sì máa lo oògùn àwọn.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn: ìwé tí wọ́n bá ti fagi lé, PubMed kì í fi pamọ́. Ní 1998, Andrew Wakefield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé kan jáde nínú The Lancet, jọ́nà ìṣègùn kan, lórí ọmọ 12, òun ni wọ́n fi ń so MMR, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń fún àwọn ọmọdé, mọ́ autism, ìyẹn ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà. Ní 2010, The Lancet fagi lé e. Ẹ ó ṣì rí i lórí PubMed, àmọ́ ìkìlọ̀ pé wọ́n ti fagi lé e ló máa kọ́kọ́ pàdé yín.

Ó ní ibi tó kù sí o. Lọ́pọ̀ ìgbà, àkótán nìkan ni ẹ ó rí, ilé iṣẹ́ tó tẹ ìwé náà á sì máa béèrè dọ́là. Ẹ tẹ "Free full text", èyí tí ẹ lè kà tán lọ́fẹ̀ẹ́ nìkan ló máa kù. Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ le fún ẹni tí kò kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Pé ìwé kan sì wà níbẹ̀ kò ní kí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ni ín gan-an sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ọ̀pọ̀ jọ́nà ilẹ̀ wa kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, mo máa ń yà sí AJOL (African Journals Online), ìkànnì àwọn jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, tó sì fìdí kalẹ̀ sí South Africa báyìí. Jọ́nà Nàìjíríà ló pọ̀ jù níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wíwá nǹkan níbẹ̀ kò rọrùn tó ti PubMed.

Máàkì mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni mo fún PubMed. Bí ẹ bá rí ìwé tó wúlò, ẹ kọ PMID rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí PubMed fún un, sílẹ̀. Òun nìkan lẹ máa tẹ̀ bí ẹ bá tún fẹ́ rí i. Ti ìwé Wakefield yẹn ni 9500320.