Ìkìlọ̀ Lórí Ayédèrú SSD àti Àwọn Olùtajà Tó Ń Fi Ìmọ̀ràn Jẹ Àkókò Oníbàárà

Ìkìlọ̀ yìí wà fún ẹnikẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi SSD tuntun, ìyẹn ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú fáìlì sí, sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó sì ń rí i pé ẹ̀rọ náà ń dákú, pé fáìlì ń bàjẹ́, tàbí pé Windows kò tàn mọ́ lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan ti lọ geere fún ìgbà díẹ̀. Kí ẹ tó gbà pé kọ̀ǹpútà yín ló lẹ́bi, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó tà á fún yín yóò ṣe sọ, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá SSD náà gba iye tí wọ́n kọ sí i lára.

Wọ́n lè kọ 2 TB tàbí 16 TB (TB kan jẹ́ nǹkan bí ẹgbẹ̀rún GB) sára ayédèrú, kó sì jẹ́ pé mẹ́mọ́rì káàdì kékeré kan tí kò gbà ju 64 GB lọ ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ti tún firmware rẹ̀, ìyẹn ètò inú rẹ̀ tó ń darí rẹ̀, kọ kí ó lè máa parọ́ fún kọ̀ǹpútà. Nígbà tí àyè gidi bá tán, kò ní sọ pé òun ti kún. Ńṣe ni yóò máa kọ nǹkan tuntun lé ti àtijọ́ lórí, tàbí kí ó da èyí tó ń bọ̀ nù. Orúkọ fáìlì àti ìwọ̀n rẹ̀ yóò ṣì máa hàn, ṣùgbọ́n kò ní ṣeé ṣí. Níwọ̀n ìgbà tí Windows fúnra rẹ̀ sì lè gba inú àyè kékeré yẹn, gbogbo rẹ̀ yóò dára lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í ka ìyìn tí àwọn oníbàárà kọ lọ́jọ́ tí ọjà tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ sí.

Ibi tí àrékérekè àwọn olùtajà wọ̀nyí wà gan-an nìyí. Bí ẹ bá fi ẹjọ́ sùn wọ́n, wọ́n á fi ohùn tútù dá yín lóhùn pé kí ẹ pààrọ̀ wáyà, kí ẹ ṣe àtúnṣe BIOS (ètò tó ń tan kọ̀ǹpútà), kí ẹ fọ́ọ̀mátì SSD náà, kí ẹ sì tún fi Windows sí i. (Ẹni tó ta ọ̀kan fún mi tilẹ̀ ní kí n lọ ra power supply, ìyẹn ohun tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà, mìíràn!) Fọ́ọ̀mátì máa ń sọ ẹ̀rọ náà di òfìfo, nítorí náà yóò tún ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀yin náà á sì rò pé òótọ́ ni wọ́n sọ, títí gbèdéke ìdápadà ọjà á fi kọjá.

Àmọ́ kí a má purọ́ mọ́ olóòótọ́. SSD tuntun tí kò hàn lè jẹ́ èyí tí ẹ kò tíì pín nínú Disk Management, ìyẹn ibi tí Windows ti ń ṣètò disk. 1 TB tí Windows pè ní 931 GB kò dín, torí pé 1,000 ni ilé iṣẹ́ fi ń ṣírò, tí Windows sì ń fi 1,024 ṣírò. NVMe (irú SSD kan tó yára) kò sì ní hàn nínú ihò M.2 (ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń ki SSD sí nínú kọ̀ǹpútà) tó wà fún SATA (irú tó lọ́ra jù ú lọ) nìkan.

Àyẹ̀wò tó dá mi lójú ni kí ẹ kọ dátà kún SSD náà pátápátá nígbà tó ṣì ṣófo, kí ẹ sì kà á padà. Ètò tó ń jẹ́ H2testw ń ṣe èyí lórí Windows, èyí tó ń jẹ́ F3 sì ń ṣe é lórí Linux (ètò mìíràn tí kọ̀ǹpútà ń lò dípò Windows). Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn dá a dúró láàárín. Ètò mìíràn, CrystalDiskInfo, yóò fi wákàtí tí ẹ̀rọ ti lò hàn yín, èyí tó wúlò láti mú àwọn tó ń ta àlòkù bíi tuntun, àmọ́ firmware tó ń parọ́ nípa àyè lè parọ́ níbí náà.

Bí SSD náà bá kùnà nínú àyẹ̀wò, ẹ ya àwòrán èsì rẹ̀, ẹ má ṣe tú SSD náà, kí ẹ sì fi ẹjọ́ sun ibi tí ẹ ti sanwó, kì í ṣe olùtajà nìkan. Ẹ má gba ìdajì owó tí wọ́n máa ń fi bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ẹ má sì pa ohun tó wà lórí disk àtijọ́ yín rẹ́ títí àyẹ̀wò náà yóò fi parí.