Àgbéyẹ̀wò ìkànnì ìdánrawò fún ìdánwò AFOQT: ibi tí ó tó owó rẹ̀ àti ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó

Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, ìkànnì ìdánrawò tí mo sanwó fún láti múra sílẹ̀ fún ìdánwò AFOQT tó owó rẹ̀ ní apá mẹ́ta péré. Ọ̀pọ̀ nínú ìyókù tí wọ́n kó mọ́ ọn ni ènìyàn lè rí lọ́fẹ̀ẹ́ níbòmíràn, kódà ní ọ̀nà tí ó péye ju tiwọn lọ. AFOQT ni ìdánwò tí Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfuurufú Amẹ́ríkà fi ń yẹ làákàyè àwọn tí ó fẹ́ di ọ́físà wò, máàkì rẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe àṣàyàn àwọn tí yóò lọ kọ́ bí a ti ń wa bàálù ogun. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ni ìkànnì náà, nítorí pé mo wo iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ wọn kí n tó sanwó, mo sì rí i pé irú àléébù kan náà wọ́pọ̀ láàárín wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra èyíkéyìí lè fi ohun tí mo kọ síhìn-ín yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Amẹ́ríkà ni mo ní lọ́kàn jù, àwọn tí wọ́n ti di ọmọ onílùú níbẹ̀, tí wọ́n sì ti gboyè ní yunifásítì tàbí tí wọ́n fẹ́ gbà á láìpẹ́, nítorí ènìyàn gbọ́dọ̀ ní méjèèjì kí ó tó lè gba ipò ọ́físà níbẹ̀. Ọmọ ogun tí kì í ṣe ọ́físà ni mo kọ́kọ́ jẹ́, nídìí àtúnṣe bàálù, kí n tó pinnu pé mo fẹ́ gba ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ́físà tí ó wà ní Maxwell ní ìpínlẹ̀ Alabama. Ilé ìwé girama ní Nàìjíríà ni mo ti jáde, ẹ ó sì rí i níwájú pé èyí kan ọ̀rọ̀ ìdánwò náà gan-an.

Apá méjìlá ni ìdánwò náà ní. Bí a bá ro àkókò gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fi àlàyé àti ìsinmi kún un, ó ń sún mọ́ wákàtí márùn-ún. Máàkì tí wọ́n ń fún ènìyàn kì í ṣe iye ìbéèrè tí ó gbà. Láti 1 dé 99 ni, ó sì ń sọ ibi tí ẹni náà dúró sí láàárín àwọn ẹlòmíràn: ẹni tí ó gba 70 ti ṣe dáadáa ju bí ènìyàn 70 nínú 100 lọ. Oríṣiríṣi máàkì ni wọ́n sì ń yọ nínú apá méjìlá yẹn. Máàkì awakọ̀ bàálù, èyí tí wọ́n ń pè ní Pilot, inú apá mẹ́rin péré ni ó ti ń wá: ìmọ̀ ìṣirò, kíka tábìlì (wíwá nọ́ńbà tí ó wà níbi tí ìlà àti òpó ti pàdé), òye aago inú bàálù (àwọn ojú aago tí awakọ̀ fi ń mọ bí bàálù ṣe wà lófuurufú), àti ìmọ̀ nípa ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tí ó fẹ́ jẹ́ ọ́físà gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán 15 nínú máàkì èdè àti 10 nínú ti ìṣirò, ẹni tí ó sì fẹ́ wa bàálù gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán 25 nínú Pilot, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí wọ́n máa ń mú sábà máa ń ga ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Ibí gan-an ni ìkànnì náà ti kọ́kọ́ já mi kulẹ̀. Kò sí ibì kan ní ojú ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n ti sọ fún oníbàárà pé apá báyìí ni ó ń mú máàkì báyìí wá. Bákan náà ni wọ́n ṣe gbogbo apá méjìléèjìlá, bí ẹni pé ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn ní. Wọ́n tilẹ̀ kọ orí gígùn lórí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, pẹ̀lú fídíò tí ó pọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé máàkì apá sáyẹ́ǹsì kò wọ inú èyíkéyìí nínú àwọn máàkì tí wọ́n fi ń yan ènìyàn. Ẹni tí ó ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, tí ó ní wákàtí kan péré láti kàwé kí oorun tó gbé e lọ, kò yẹ kí wọ́n fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gba àkókò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí wọ́n ṣe dáadáa, nítorí wọ́n ṣe é dáadáa ní tòótọ́. Àwọn apá mẹ́ta kan wà nínú ìdánwò yìí tí kò nílò ìmọ̀ kankan rárá bí kò ṣe ìyára: ìbéèrè 40 ní ìṣẹ́jú 7 fún kíka tábìlì, ìbéèrè 30 ní ìṣẹ́jú mẹ́rin àtààbọ̀ fún kíka búlọ́ọ̀kù, àti ìbéèrè 25 ní ìṣẹ́jú 5 fún òye aago inú bàálù. Ìṣẹ́jú-àáyá 9 péré ni ti búlọ́ọ̀kù fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ́ wa nílé pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n apá mẹ́ta yìí kò fún ẹ̀sọ̀ láàyè, kò sì sí ìwé tí ènìyàn lè kà tí yóò mú ojú rẹ̀ yá. Àfi kí ó máa ṣe é léraléra pẹ̀lú aago níwájú. Ohun tí mo sanwó fún nìyẹn, mo sì rí i gbà. Ìbéèrè tí wọ́n ní kì í tán, aago wọn kì í ṣìnà, wọ́n sì máa ń fi hàn lẹ́yìn ìdánrawò kọ̀ọ̀kan ìbéèrè tí ó fa ènìyàn sẹ́yìn.

Búlọ́ọ̀kù ni ó ṣòro fún mi jù lọ níbẹ̀rẹ̀. Wọn yóò ya òkìtì búlọ́ọ̀kù tí gbogbo wọn dọ́gba ní títóbi àti ní ìrísí, bí páálí ìndómì tí wọ́n tò sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, wọn yóò kọ nọ́ńbà sára díẹ̀ nínú wọn, wọn yóò sì béèrè iye búlọ́ọ̀kù tí ó fara kan èyí tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Ẹni tí ó bá kàn ń wò ó lójú, tí ó ń kà á bí ó ṣe rí i, yóò fo èyí tí ó fara pa mọ́ sẹ́yìn. Ìkànnì náà kọ́ mi pé kí n máa tẹ̀ lé ètò kan náà nígbà gbogbo: òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì, iwájú, ẹ̀yìn. Nítorí pé gbogbo wọn dọ́gba, èyí tí imú rẹ̀ nìkan yọ síta náà gùn tó àwọn yòókù, ènìyàn sì lè mọ ibi tí ó parí sí nínú òkìtì náà láìrí i. Èyí tí ó kan igun ara wọn lásán kò sí nínú iye tí a ń kà. Nígbà tí ètò yẹn mọ́ mi lára, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ fúnra rẹ̀. Ìmọ̀ràn kan ni mo ní lórí èyí: ẹ má ṣe é lórí fóònù. Àwòrán náà kéré jù, ìlà rẹ̀ sì ń wọnú ara wọn. Lórí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti ṣe é, tàbí kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé.

Apá aago inú bàálù náà dára, àmọ́ ó ní àbùkù kan tí ó lè kó bá ènìyàn. Aago méjì ni wọ́n máa ń fi hàn. Ìkíní ń sọ bí bàálù ṣe tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àti bóyá imú rẹ̀ gbé sókè tàbí ó dorí kodò. Èkejì, tí í ṣe kọ́ńpáàsì, ń sọ ibi tí ó dojú kọ. Ènìyàn yóò wá mú àwòrán bàálù tí ó bá aago méjèèjì mu nínú mẹ́rin. Bí ìlà tí ó dúró fún ibi tí ilẹ̀ àti sánmà ti pàdé bá wà nísàlẹ̀ àwòrán bàálù kékeré àárín aago, bàálù ń gòkè ni. Bí ó bá wà lókè rẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Bí bàálù bá tẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún awakọ̀, ìlà yẹn yóò ga lápá ọ̀tún, yóò sì lọ sílẹ̀ lápá òsì. Nínú àwọn ìbéèrè kan lórí ìkànnì náà, òdì kejì ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí ni wọ́n fi ṣe ìdáhùn, débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa ohun tí mo mọ̀. Ìwé ìléwọ́ tí FAA, àjọ tí ó ń mójú tó ìrìnnà òfuurufú ní Amẹ́ríkà, gbé jáde fún àwọn tí ó ń kọ́ṣẹ́ awakọ̀ ni mo fi yanjú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìwé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì kún rẹ́rẹ́.

Ìwé yẹn náà ni mo fi rọ́pò gbogbo ohun tí ìkànnì náà kọ nípa ìmọ̀ ọkọ̀ òfuurufú. Káàdì ìrántí ni wọ́n kó jọ síbẹ̀, ìbéèrè lójú kan, ìdáhùn lójú kejì, láìsí ìdí. Wọ́n lè kọ ọ́ pé nọ́ńbà ojú ọ̀nà tí bàálù ń balẹ̀ sí ń fi ìhà tí ó dojú kọ hàn, kí wọ́n sì dúró síbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gba pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà kọjá lè rí ìdí rẹ̀: nọ́ńbà 18 ni wọ́n kọ sí òpin kan ojú ọ̀nà ibẹ̀, 36 sì wà ní òpin kejì. Bàálù tí ó ń balẹ̀ sí 18 dojú kọ gúúsù, tí í ṣe dígírì 180 lórí kọ́ńpáàsì, tí wọ́n yọ òdo ìparí kúrò nínú rẹ̀. Èyí tí ó ń balẹ̀ sí 36 dojú kọ àríwá, ní dígírì 360. Méjì ni ojú ọ̀nà tí ó wà níbẹ̀, wọ́n sì lọ ní ìhà kan náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi L àti R kún nọ́ńbà wọn láti ya ti òsì sọ́tọ̀ kúrò lára ti ọ̀tún. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò nílò káàdì mọ́, ìbéèrè yòówù tí wọ́n bá gbé wá lórí rẹ̀ ni yóò lè dáhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti aileron tí ó ń yí bàálù sí ẹ̀gbẹ́, elevator tí ó ń gbé imú rẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀, àti rudder tí ó ń darí imú sí ọ̀tún tàbí òsì. Ìbéèrè 20 ní ìṣẹ́jú 8 ni apá yìí, ó sì wà nínú máàkì Pilot, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi àkọ́sórí ṣe é.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà pé wọn kì í tún iṣẹ́ wọn wò bí ó ti yẹ. Ìdánrawò lórí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n yí po àti àwòrán tí ó fara pa mọ́ ṣì wà lórí ìkànnì náà, bẹ́ẹ̀ inú ẹ̀dà ìdánwò àtijọ́, Form S, ni àwọn méjèèjì wà. Nígbà tí wọ́n gbé Form T, ẹ̀dà tí ó rọ́pò rẹ̀, jáde ni wọ́n ti yọ wọ́n kúrò, tí wọ́n sì fi kíka àyọkà àti ìdájọ́ lórí ìṣẹ̀lẹ̀ sí i. Kí ẹ tó sanwó fún ìkànnì èyíkéyìí, ẹ wo àkójọ apá tí wọ́n ní. Bí ẹ bá rí méjèèjì yẹn níbẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n tún un ṣe gbẹ̀yìn.

Fún ẹni tí ó kàwé ní Nàìjíríà, ìṣirò fúnra rẹ̀ kò le ju ohun tí a ṣe ní WAEC lọ. Ohun tí ó ń dẹ́rù pa ènìyàn ni ìwọ̀n tí wọ́n ń lò. Mítà àti kílógíráàmù kọ́ ni wọ́n sábà máa ń lò. Ẹsẹ̀ bàtà 5,280 ni ó wà nínú máìlì kan, ẹsẹ̀ bàtà 3 nínú yáàdì kan, quart 4 nínú gálọ́ọ̀nù kan, wọn kì í sì í gba ẹ̀rọ ìṣirò láàyè. Àwọn tí ó ṣe ìkànnì náà gbà pé gbogbo ènìyàn ti mọ èyí láti kékeré, wọn kò sì fi sí ibì kankan. Mo kọ wọ́n sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ní ti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ìbéèrè 25 ní ìṣẹ́jú 5, àkójọ ọ̀rọ̀ wọn dára níwọ̀nba.

Apá ìdájọ́ lórí ìṣẹ̀lẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa fiyè sí jù. Wọn yóò sọ ìṣòro kan tí ọ́físà kékeré bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́, wọn yóò ní kí ènìyàn mú ìgbésẹ̀ tí ó dára jù àti èyí tí ó burú jù. Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọdé kì í já àgbà ní koro, ẹjọ́ tí ó bá sì le, àgbà ni a ń gbé e lọ bá. Nítorí náà, gbígbé ọ̀rọ̀ lọ bá ọ̀gá lójú ẹsẹ̀ ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ìkànnì náà fi ìdáhùn hàn láìsọ ìdí rẹ̀. Àwọn ọ́físà tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ni ó là mí lóye: wọ́n ń retí kí ọ́físà kọ́kọ́ bá ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí agbára rẹ̀ bá ká a, kí ó tó gbé e sókè. Ìyẹn kò tako ẹ̀kọ́ ilé wa, nítorí ọ̀wọ̀ kò sọ pé kí ènìyàn sá fún ojúṣe rẹ̀. Wákàtí kan pẹ̀lú ọ́físà tí ó ní sùúrù ṣe mí láǹfààní ju gbogbo orí náà lọ.

Ìdánrawò fún apá àpèjúwe ara ẹni, tí ó ní gbólóhùn 240, ni wọ́n ń ta sọ́tọ̀ pẹ̀lú owó mìíràn. Ẹ má rà á. Ìbéèrè nípa ìwà ènìyàn ni, kò sí ìdáhùn tí a lè kọ́, kò sì sí nínú máàkì Pilot. Wọ́n tún ń polówó pé àwọn lè múra ènìyàn sílẹ̀ fún TBAS, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fi ọ̀pá ìdarí àti pẹ́dáàlì ẹsẹ̀ ṣe, èyí tí wọ́n ń pò mọ́ máàkì Pilot àti wákàtí tí ènìyàn ti fi wa bàálù láti rí máàkì PCSM, èyí tí wọ́n ń lò nígbà tí wọ́n bá ń yan àwọn tí yóò lọ kọ́ wíwa bàálù. Ìbéèrè orí íntánẹ́ẹ̀tì lásán kò lè kọ́ ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé òun ní ìbéèrè ìdánwò gan-an lọ́wọ́, ẹ sá fún un. Ẹ̀kísípò ni, ó lòdì sí òfin, ó sì lè ti ìlẹ̀kùn ipò ọ́físà mọ́ ènìyàn títí láé.

Mo kọ̀wé sí wọn nípa aago tí wọ́n ṣe lódì. Wọ́n fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n tún díẹ̀ ṣe, wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀. Bí mo bá tún un ṣe, ìwé FAA àti ìṣirò ni n ó kọ́kọ́ kà tán, n ó sì san owó oṣù kan ṣoṣo fún ìkànnì náà nígbà tí ìdánwò bá kù bí oṣù kan, fún tábìlì, búlọ́ọ̀kù àti aago nìkan. Ẹ rántí pa ìsanwó tí ó ń tún ara rẹ̀ san loṣooṣù lọ́jọ́ tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀. Inú ètò àkáǹtì, nísàlẹ̀ pátápátá, ni wọ́n fi bọ́tìnì rẹ̀ sí.