Àpótí kékeré tó gbé ohùn máìkì mi ga, àti àwọn tó tà á fún mi

Aago méjì òru ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí, torí inú ń bí mi. Orin tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta gbà sílẹ̀ ni mo ń gbọ́ nínú headphone. Ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, níbi tí ohùn mi ti rọlẹ̀ tó yẹ kó pa lọ́lọ́, "ṣíííí" ló gba ibẹ̀, bí òjò winniwinni lórí páànù. Bí mo bá gbóhùn sókè, á sá pamọ́. Bí mo bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, á tún yọjú.

Shure SM7B ni máìkì mi. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa ẹ̀ ni pé kì í fetí kọ́ ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Máìkì condenser tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ máa ń gbọ́ fáànù, ó máa ń gbọ́ ajá ẹ̀yìnkùlé, ó tiẹ̀ máa ń gbọ́ ọ bí mo bá yí ìdí padà lórí àga. Eléyìí ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dúró níwájú ẹ̀ ló mọ̀. Àmọ́ iná tó ń gbé ohùn ti inú ẹ̀ jáde kéré: −59 dBV ni wọ́n kọ sí i. Ẹni tó bá ń kọrin jẹ́jẹ́ á nílò gain, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn ga, tó tó 60 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn ohùn). Interface mi ni àpótí tó so máìkì mọ́ kọ̀ǹpútà; 50 sì ni preamp inú ẹ̀, apá tó ń gbé ohùn ga, parí sí. Mo yí bọ́tìnì gain náà títí kò yí mọ́, àfi bí ẹni pé ibẹ̀ gan-an ni ariwo náà kọ́lé sí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ra àpótí kékeré kan tí wọ́n máa ń so sáàárín máìkì àti interface. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ àwọn tó tà á. 25 dB ló yẹ kó fi kún un. Mo so wáyà, mo wọ headphone, mo ní "hẹlo". Kò sí nǹkan kan. Kì í ṣe pé ohùn kéré o, kò sí ohùn rárá ni.

Mo pè wọ́n. Ẹni àkọ́kọ́ ní, "Ẹ pààrọ̀ wáyà, sà." Mo pààrọ̀ ẹ̀, mo tún pè. Ẹni kejì ní kí n kọrin sókè díẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, mo ní kò sí ohùn, ẹ ní kí n pariwo?" Ó ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ máìkì mi ló ti kú. Mo yọ àpótí kúrò, máìkì sọ̀rọ̀. Mo dá àpótí padà, ó yadi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é tí ó ń gbọ́ lórí fóònù. Ó ní òun fẹ́ lọ bi ọ̀gá òun, ó tan orin fún mi fún ìṣẹ́jú 11, orin tó jẹ́ pé òun náà ń ṣe ṣíííí! Lẹ́yìn náà ni fóònù já. Ímeèlì mẹ́rin ni mo kọ lálẹ́ yẹn, ìkẹrin ò ṣe é kà létí ọmọdé.

Ibí ni mo dé tí oorun fi gbé mi lọ. Ìyókù, ọ̀sán ni mo kọ ọ́, ara mi sì ti balẹ̀.

Ọmọbìnrin kan láti ọ̀dọ̀ wọn ló pè mí láàárọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Bọ́tìnì 48V ara interface yín, ṣé ó tan iná?" Mo ní rárá o, wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé iná tí máìkì condenser ń jẹ nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní àpótí náà gan-an ló ń jẹ 48V yẹn, òun ló fi ń ṣiṣẹ́, kì í sì í jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ máìkì. Mo tẹ̀ ẹ́, iná pupa tàn, mo ní "hẹlo", díẹ̀ ló kù kí n ju headphone nù. Gain ṣì wà ní 50! Mo yí i wálẹ̀ sí 35.

Kò tíì jẹ́ kí n lọ o. Ó bi mí bí ẹnu mi ṣe jìnnà sí máìkì tó. Mo ní bí ìgbọ̀nwọ́ kan. Ó ní, "Háà! Ìka mẹ́rin ni, ẹ̀gbọ́n. Ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá dín àyè yẹn kù sí ìdajì, ohùn yín á fi bíi 6 dB ga, lọ́fẹ̀ẹ́." Ó ní kí n má sì kọjú sí i tààrà, torí pé b àti f máa ń fẹ́ atẹ́gùn lù ú. Mo pe "bàbá" sójú ẹ̀: bùùm, bùùm. Mo yí ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, bàbá sì jáde bí bàbá. Ohùn mi ki jù nísàlẹ̀ báyìí tí mo sún mọ́ ọn, ó sì fi bọ́tìnì ẹ̀yìn máìkì tí wọ́n fi ń gé baasi hàn mí.

Nígbà tó sọ fóònù sílẹ̀, mo yọ àpótí náà, mo kọ orin yẹn ní ìka mẹ́rin láìsí i. Àfi kí n fi ọwọ́ tẹ headphone mọ́tí kí n tó gbọ́ ṣíííí. Inú tún bí mi! Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń wá ohun tí mo máa rà, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò bi mí ibi tí mò ń gbé ẹnu sí.

Mo tún so ó padà ṣá, torí orin tó bá dà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sétí ọmọ ṣì ń fẹ́ ẹ, ó sì mọ́ tónítóní.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Èyí tó kù, orin orí fóònù yẹn ló jẹ ẹ́.